Ilé tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́

Ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Tugela Ferry, ní ẹkùn KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà, ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 2005 sí 2006 tí ó kó ìpayà bá àwọn dókítà. Wọ́n rí aláìsàn 53 tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà, èyí tí èdè Faransé ń pè ní tuberculose. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tiwọn kò gbọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú oògùn tí a fi ń wò ó. Nínú àwọn 53 náà, 52 ni ó kú. Ọ̀pọ̀ wọn kò lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò.

Àwọn tó ṣe ìwádìí bi ara wọn léèrè pé níbo ni irú àrùn yìí ti wá. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa di olóríkunkun bí aláìsàn bá pa oògùn tì kí ó tó lò ó tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn aláìsàn wọ̀nyí lọ tí kò tíì gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ rí láyé wọn. Wọn kò lè pa oògùn tí wọn kò fẹnu kàn tì. Bí a bá sì pín àwọn aláìsàn náà sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìpín méjì ni ó ti dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún àìsàn kan tàbí òmíràn, kò sì tíì pẹ́. Ohun tí èyí ń sọ kò ṣòro láti lóye, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti gbà: ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ wá ìlera ni wọ́n ti kó ikú.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sábà gba inú omi tàbí oúnjẹ ran ènìyàn. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà. Bí ẹni tí ó ní in bá wúkọ́, àwọn kòkòrò àrùn kéékèèké tí ojú kò lè rí yóò jáde láti ẹnu rẹ̀. Bí yàrá náà bá sé pa, wọ́n lè wà lójú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹlòmíràn tó wá mí wọn sínú. Bí fèrèsé bá ṣí níhìn-ín, tí òmíràn sì ṣí lọ́hùn-ún, atẹ́gùn yóò gbá wọn jáde. Ara ọ̀pọ̀ aláìsàn Tugela Ferry kò lágbára láti jà, nítorí kòkòrò HIV ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú. Irú wọn gan-an ni ó ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń dúró de dókítà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń mí èémí ara wọn.

Mo mọ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sun òru mẹ́ta ti ìyá mi ní ilé ìwòsàn kan. Ẹsẹ̀ ni ó ń dùn ún. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé méjì nítorí olè; ẹyọ kan tí ó kù ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí ti ìyá mi wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo dìde lóru tí mo ti fèrèsé kan ṣoṣo yẹn, nítorí otútù ń mú ìyá mi, ẹ̀fọn sì ń wọlé. N kò ro nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà náà.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ̀. Ní ọdún 1859, Florence Nightingale, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Tọ́kì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí ilé ìwòsàn rí. Ó ní kí àwọn fèrèsé kọjú sí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yàrá, kí atẹ́gùn lè gba àárín àwọn aláìsàn kọjá. Ní Yúróòpù, orí òkè ni wọ́n ń kó àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ, sínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí oògùn streptomycin ní 1943, oògùn àkọ́kọ́ tí ó kápá àrùn náà. Ọkàn àwọn ènìyàn wá balẹ̀. Oògùn wà; ta ni ó tún ń ka fèrèsé sí? Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà di àpótí ńlá tí a sé mọ́ aláìsàn lórí, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí nígbà tí iná bá wà. Tugela Ferry fi hàn wá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí oògùn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ṣe. MASS Design Group ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní architecte: ayàwòrán-ilé, ẹni tí ń ṣètò bí ilé yóò ṣe rí lórí ìwé kí mọlémọlé tó fọwọ́ kan amọ̀. Ní ìparí ọdún 2006, Michael Murphy, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní Amẹ́ríkà, lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà Paul Farmer. Farmer wà lára àwọn tó dá Partners In Health sílẹ̀ ní 1987, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn tálákà ní Háítì, Rùwáńdà àti ibòmíràn. Murphy béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwọn ayàwòrán-ilé wo ni ó ń bá a kọ́ àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀. Èsì tí ó gbọ́ ni pé kò sí ẹnì kankan.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó lọ gbé ní Rùwáńdà. Ní 2008, òun àti Alan Ricks, pẹ̀lú àwọn akẹ́gbẹ́ wọn mélòó kan, dá MASS sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe parí ni ilé ìwòsàn Butaro.

Butaro wà ní agbègbè Burera, ní àríwá Rùwáńdà, nítòsí ààlà Ùgáńdà, láàárín àwọn òkè tí a fi oko gbẹ́ ní ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ó ju 340,000 ènìyàn lọ tí ń gbé ní agbègbè náà, wọn kò sì ní ilé ìwòsàn ńlá kankan. Ìjọba Rùwáńdà àti Partners In Health ni wọ́n jọ pinnu pé kí wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, wọ́n ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé dùn. Ohun àkọ́kọ́ tí àlejò yóò ṣàkíyèsí ni pé ilé náà kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú. Ìta gbangba ni ènìyàn ń gbà láti yàrá kan dé èkejì, lábẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri. Ìta náà ni àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Kì í ṣe àìtó owó ni ó fà á. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ àti ẹni tí ikọ́ ń ṣe ti ń jókòó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn fún wákàtí mẹ́ta.

Nínú yàrá, òrùlé ga. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè. Bí ó bá gòkè, ó ń rí ihò jáde lókè, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Àwọn abẹ̀bẹ̀ oníná ńláńlá ń yí jẹ́jẹ́ lókè láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn iná kan tún wà lára ògiri, lókè réré, tí ìtànṣán wọn ń pa kòkòrò àrùn bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé wọn dé ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé nínú yàrá tí ẹni tó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá wà, kí afẹ́fẹ́ tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó kéré tán, ìgbà 12 ní wákàtí kan. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń ya ilé náà.

Ṣùgbọ́n ètò ibùsùn ni ó wù mí jù. Nínú ọ̀pọ̀ yàrá aláìsàn tí a mọ̀, wọ́n ń to ibùsùn sí ara ògiri, orí aláìsàn á wà lábẹ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí àárín. Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ń wo aláìsàn lójú, tí wọ́n ń wúkọ́ sí ara wọn, tí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá ń wo ẹni tí ń kú lọ. Ní Butaro, wọ́n mọ ògiri kúkurú kan sí àárín yàrá, wọ́n wá fi orí àwọn ibùsùn ti ògiri yìí. Báyìí, olúkúlùkù kọjú sí fèrèsé. Bí ó bá la ojú, òkè àti oko ni ó ń rí. Bí ó bá wúkọ́, apá ìta ni ó wúkọ́ sí. Ògiri kúkurú kan ṣoṣo ni ó mú gbogbo èyí wá.

Nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, òkúta ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Òkè Virunga tí iná ti ń jáde látinú rẹ̀ nígbà láéláé ti fọ́n òkúta dúdú káàkiri agbègbè náà. Ìyọnu ni ó jẹ́ fún àgbẹ̀: ọkọ́ ń kan án, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń kó o jọ sí etí oko. Òkúta yìí ni wọ́n fi mọ ògiri Butaro. Àwọn mọlémọlé ń gbẹ́ ẹ kí ó lè wọ inú ara wọn bí eyín tí ń bẹ lẹ́nu ọmọdé, débi pé sìmẹ́ǹtì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn láàárín wọn. Ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ òkè náà dípò katakata, kí ọ̀pọ̀ ará ìlú lè ríṣẹ́ ṣe. Ó ju 3,500 ènìyàn lọ tí ó gba owó iṣẹ́ níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn obìnrin kan tí wọn kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọlémọlé rí di ọ̀gá nínú iṣẹ́ òkúta.

Ní 2012, wọ́n ṣí ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ síbẹ̀, ẹni tí ó ń gbé ní abúlé wá ń rí ìtọ́jú tí ó ṣòro fún un láti rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan náà, MASS kọ́ ilé fún àwọn dókítà nítòsí, nítorí dókítà tí kò bá rí ibi tó dára sùn kò ní pẹ́ kó tó padà sí olú-ìlú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Rùwáńdà nìkan. Ẹni tí ó ń gbé nínú arrondissement tó jìnnà sí ojú ọ̀nà ọ̀dà mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti Butaro, iṣẹ́ náà kọjá sí Háítì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti etíkun wa yìí. Àrùn tibẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ ríri ba olú-ìlú, Port-au-Prince, jẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹwàá, onígbáméjì wọlé. Inú omi ni onígbáméjì ń gbà, ìgbẹ́ ẹni tí ó ń ṣe ni ó sì ń sọ omi di májèlé fún ẹlòmíràn. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn aláìsàn; bí òòrùn bá ràn, wọ́n ń gbóná, bí òjò bá rọ̀, àgbàrá ń wọlé. Ní 2015, MASS bá GHESKIO, ilé iṣẹ́ ìlera tí àwọn dókítà ọmọ Háítì dá sílẹ̀ ní 1982, parí ilé kan tó wà fún onígbáméjì. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà dá ihò sí lára ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè wọlé láìjẹ́ pé ará ìta ń wo aláìsàn. Abẹ́ ilẹ̀ ilé náà ni iṣẹ́ gidi wà: omi ẹlẹ́gbin tó ti ara àwọn aláìsàn jáde ń gba inú àwọn kòtò kan lọ sí òmíràn, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́ níbẹ̀ kó tó padà sínú ilẹ̀. Àìsàn kò ní jáde kúrò nílé ìwòsàn láti tún padà lọ bá kànga.

Ní Kasungu ní ilẹ̀ Màláwì, kò tilẹ̀ sí aláìsàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn aboyún tí ilé wọn jìnnà ni wọ́n ń wá dúró nítòsí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oyún wọn, kí ìrọbí má baà ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ilé tí wọ́n sábà máa ń kọ́ fún irú wọn jẹ́ yàrá ńlá kan tí gbogbo wọn ń há mọ́. Ní 2015, MASS kọ́ abúlé kékeré kan fún wọn: àwọn ilé kéékèèké tó yí àgbàlá ká, bí agbo ilé wa gan-an, pẹ̀lú ìjókòó ní ìta àti ibi ìdáná. Bíríkì amọ̀ tí a fún pọ̀, tí a kò fi iná sun, ni wọ́n lò, nítorí náà wọn kò gé igi kankan láti fi sun ún. Àwọn ìyá wa tó ń gbé nínú ilé alámọ̀ ní Kétu àti Sabẹ yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé èyí di ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń kọ́ni.

Ẹgbẹ́ náà tún kọ́ ilé fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Èyí tó lórúkọ jù ni ibùdó tí wọ́n ṣí ní 2022 nítòsí Musanze, ní Rùwáńdà kan náà, fún àjọ tó ń tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ Dian Fossey. Fossey jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí ó lọ gbé lórí òkè náà ní 1967 láti wo ìgbé ayé àwọn ìnàkí ńlá, tí wọ́n sì pa á síbẹ̀ ní 1985. Yàrá àyẹ̀wò, ilé ìkàwé, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ibi tí ará ìlú ti lè wo iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀, òkúta dúdú kan náà tí a rí ní Butaro sì ni ó wà lára ògiri wọn. Mo rí okùn kan tí ó so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wa ìṣáájú: èémí ènìyàn lè pa ìnàkí. Ikọ́ lásán tí ọmọ ènìyàn ń fi ọsàn àti oyin wò lè kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, nítorí náà ni òfin fi sọ pé kí àlejò má ṣe sún mọ́ wọn.

Ní 2022 bákan náà, àjọ àwọn ayàwòrán-ilé ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ kan lọ́dọọdún dá MASS lọ́lá.

Àwọn kan yóò sọ pé owó àwọn aláàánú òkè òkun ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí, wọn kò sì parọ́. Àwọn mìíràn á béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ àjèjì ni ó wá ya ilé fún Áfíríkà. Ìbéèrè náà tọ́. Christian Benimana, ọmọ Rùwáńdà, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí ó ń kọ́ni ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìlú Shanghai ní Ṣáínà ni ó lọ, ó sì ní láti kọ́kọ́ kọ́ èdè wọn. Nígbà tí ó padà, ó wọ MASS, ó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ó sì ṣe olórí ètò kan ní Kigali tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tí mo mú nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí kò ní owó nínú. Abẹ̀bẹ̀ ńlá àti iná tí ń pa kòkòrò lè wọ́n. Kíkọ orí ibùsùn sí ibòmíràn kò wọ́n. Gbígbé bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de dókítà jáde sí abẹ́ òrùlé ìta kò wọ́n. Àwọ̀n ẹ̀fọn lójú fèrèsé kò tó owó oògùn oṣù kan. Bí wọ́n bá mú àwòrán ilé ìwòsàn tuntun wá sí ìpàdé arrondissement yín, ẹ lè na ọwọ́ sókè kí ẹ béèrè ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Ẹni tí ó mọ̀wé kà ní oṣù tó kọjá pàápàá lè wo fèrèsé lórí ìwé.

Paul Farmer kú ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2022. Ó sùn, kò jí. Butaro ni ó ti sùn, níbi tí ó ti lọ tọ́jú aláìsàn tí ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní àgbàlá ilé ìwòsàn náà, igi ńlá kan wà tí wọn kò gé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀. Umuvumu ni àwọn ará Rùwáńdà ń pè é. Ẹbí ọ̀dán tiwa ni. Yí i ká ni wọ́n kọ́ àwọn ilé náà sí, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n kó aláìsàn wá ń jókòó sí, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń dúró.